Ta ló ni igi ẹ̀bá títì? Àkọsílẹ̀ ìṣẹ̀lẹ̀ kan láti Àkúrẹ́

N kò ní dárúkọ títì tí ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀. Àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn ṣì ń gbé ibẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó bá wọn dá sí i ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, n kò sì rí èrè kankan nínú kí a tún máa fẹ́ná sí ìjà tó ti rọlẹ̀. Ẹni tó bá mọ Àkúrẹ́ yóò mọ irú títì bẹ́ẹ̀: ọ̀kan nínú àwọn tí ìjọba là lẹ́yìn tí ìlú náà di olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Òǹdó ní 1976, nígbà tí wọ́n ń kọ́ ọ́fíìsì àti ilé òṣìṣẹ́ káàkiri. Wọ́n gbin ọ̀gànwó sí ẹ̀bá ọ̀nà náà, wọ́n fi mẹ̀lẹ́ínà há àárín wọn. Àwọn onílé tó dé lẹ́yìn fi máńgòrò àti fúrúùtù kún un. Nígbà tí mo fi débẹ̀, orí àwọn igi náà ti pàdé lókè títì ní ibi púpọ̀. Bí oòrùn ọ̀sán bá ń jó èèyàn bọ̀ láti Ọjà Ọba, ibẹ̀ ló máa ń yà sí láti nu òógùn.

Abẹ́ igi wọ̀nyí ni fọkanáísà gbé ẹ̀rọ rẹ̀ sí. Ibẹ̀ ni àwọn ọlọ́kadà ń dúró de èrò, ibẹ̀ ni ìyá oníbọ̀ọ̀lì ti ń fẹ́ná. Ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan wà ní ìparí títì náà, ọ̀gànwó tó tóbi jù lọ ní gbogbo àdúgbò ló sì dúró sí ẹnu géètì rẹ̀. Ọ̀rọ̀ wa máa padà sórí igi yẹn.

Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kan, agbaṣẹ́ṣe dé. Ìjọba fẹ́ fẹ títì náà lójú, wọ́n sì fẹ́ gbẹ́ gọ́tà tuntun sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì. Kò sẹ́ni tó lè sọ pé gọ́tà náà kò pọn dandan; ọdọọdún ni àgbàrá ń wọ ilé àwọn tó wà nísàlẹ̀. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ọjọ́ kan mọ́, àwọn èèyàn sì rí àmì pupa lára igi tó lé ní ọgbọ̀n. Kò sí ìwé, kò sí ìkéde, ẹnikẹ́ni kò kan ilẹ̀kùn ẹnikẹ́ni. Ọ̀dà pupa ni wọ́n fi kí wọn.

Wọ́n bínú, wọ́n sì lẹ́tọ̀ọ́ láti bínú. Wọ́n ya fọ́tò, wọ́n gbé e sórí WhatsApp àti Facebook. Àwọn ọ̀dọ́ lọ jókòó sídìí igi méjì, wọ́n ní ẹni tó bá máa gé e, àwọn ni yóò kọ́kọ́ gé. Àwọn òṣìṣẹ́ agbaṣẹ́ṣe kò bá wọn fa wàhálà. Wọ́n kó ẹ̀rọ ìgégi wọn sínú ọkọ̀, wọ́n bá tiwọn lọ. Òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú ni wọ́n padà wá, nígbà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti gba ṣọ́ọ̀ṣì lọ. Kí ìsìn tó tú, igi méjèèjì ti wà nílẹ̀, wọ́n sì ti rẹ́ wọn sí gígùn tí ọkọ̀ lè gbé.

Mo ti rí irú rẹ̀ níbòmíràn. N kò bu ẹnu àtẹ́ lu jíjókòó sídìí igi, torí ó máa ń jẹ́ kí ará ìta mọ̀ pé nǹkan ń ṣẹlẹ̀. Àmọ́ ẹni tó ń ṣọ́ igi gbọ́dọ̀ sùn, ó gbọ́dọ̀ jẹun, ó gbọ́dọ̀ lọ síbi iṣẹ́. Ẹni tó fẹ́ gé e kàn nílò wákàtí kan péré tí ojú kò sí níbẹ̀. Ohun tó tún bà á jẹ́ ni pé ẹnu àwọn ará àdúgbò gan-an kò kò. Onílé kan ní gbòǹgbò mẹ̀lẹ́ínà ti gbé fẹ́ǹsì òun sókè. Ẹnì kan tó ní ṣọ́ọ̀bù fẹ́ kí wọ́n gé gbogbo rẹ̀ kí àwọn oníbàárà lè máa rí pátákó òun láti òkèèrè. Bàbá àgbàlagbà kan sọ ní gbangba pé igi ńlá ẹnu ilé-ẹ̀kọ́ kì í ṣe igi lásán, pé òun mọ àwọn tó ń pàdé lábẹ́ rẹ̀ lóru. Àwọn ọ̀dọ́ rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín, nítorí ẹni tó bá fẹ́ kí àdúgbò sọ̀rọ̀ lóhùn kan kò lè máa ṣa ẹ̀rù tí yóò gbọ́ àti ẹ̀rù tí yóò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó sì hàn nígbà tó yá pé bàbá náà kò jẹ̀bi pé ó bẹ̀rù igi yẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdí tó fi yẹ kí a bẹ̀rù rẹ̀ kò jọ èyí tó sọ.

Lẹ́yìn ọjọ́ Àìkú yẹn ni ẹgbẹ́ onílé ránṣẹ́ sí mi. Iṣẹ́ mi ni láti máa bá àwọn ẹgbẹ́ àdúgbò ṣètò ọ̀rọ̀ àyíká wọn, pàápàá níbi tó bá ti kan ìjọba. Ìpàdé náà gbóná. Alága fẹ́ kí a kọ̀wé sí gómìnà. Akọ̀wé, ọ̀dọ́bìnrin kan tó mọ ọ̀rọ̀ í kọ, fẹ́ kí a pe àwọn oníròyìn. Bàbá kan wà níjòókòó ẹ̀yìn tí kò tíì lanu. Gáàdì igbó ni nígbà tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, nínú igbó ìjọba tó wà ní ìtòsí Àkúrẹ́ níbí. Nínú igbó yẹn ni Queen's Plot wà, apá tí wọ́n ti yà sọ́tọ̀ láti àwọn ọdún 1930 pé kí ẹnikẹ́ni má fi àáké kan igi níbẹ̀, tí àwọn olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ ti ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Àkúrẹ́, ṣì ń lọ wọn igi rẹ̀ títí dòní.

“Ẹ̀yin ọmọ mi,” ni Bàbá wí, “igi mélòó lẹ ní?”

Ẹnì kan ní ogójì. Ẹlòmíràn ní ó tó ọgọ́rùn-ún. Alága ní kò tó bẹ́ẹ̀.

“Ẹni tí kò mọ iye ewúrẹ́ rẹ̀, báwo ló ṣe fẹ́ pe ẹnì kan lólè?”

Ibẹ̀ ni mo gbà pé ọ̀rọ̀ náà ti yí padà, kódà ju ìgbà tí a kọ ìwé tàbí tí ìjọba dáhùn lọ. Ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Télọ̀ kan yá wọn ní téèpù rẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ka ẹ̀kọ́ igbó ní FUTA wá ràn wọ́n lọ́wọ́ láti mọ orúkọ igi, wọ́n sì kọ́ wọn pé 1.3 mítà láti ilẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ti ń wọn ara igi yíká, bí ibi àyà àgbàlagbà, kí ìwọ̀n ọdún yìí lè bá ti ọdún tó ń bọ̀ mu. Wọ́n kọ nọ́ńbà funfun sára igi kọ̀ọ̀kan. Nínú ìwé ẹlẹ́yìn líle kan, wọ́n kọ nọ́ńbà yẹn, irú igi, ìwọ̀n rẹ̀, bó ṣe jìnnà sí etí títì tó, àti ohun tó bá ń ṣe é. Wọ́n fi fóònù ya fọ́tò rẹ̀, wọ́n sì gba ibi tó wà sílẹ̀ lórí máàpù.

Ìyá oníbọ̀ọ̀lì ló fi òpó kan kún ìwé náà. Wọ́n ń wọn igi tó ń jókòó sábẹ́ rẹ̀, ó sì bi akọ̀wé pé, “Orúkọ tèmi ńkọ́? Ṣé igi yìí ń dá gbé ni?” Láti ìgbà yẹn ni wọ́n ti ń kọ orúkọ ẹni tó ń lo abẹ́ igi kọ̀ọ̀kan. Ó dà bí ẹ̀fẹ̀ lójú àwọn kan. Kò pẹ́ tí òpó yẹn fi wúlò ju gbogbo ìyókù lọ, torí pé igi tó bá ti ní orúkọ èèyàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ní ẹni tó máa kọ́kọ́ rí i bí nǹkan bá ṣe é.

Nígbà tí wọ́n dé ìdí ọ̀gànwó ẹnu ilé-ẹ̀kọ́, Bàbá ní kí àwọn ọmọ dúró ná. Ó yí ẹ̀yìn àdá rẹ̀ sọ́wọ́, ó ń kàn án mọ́ ara igi náà díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń yí i ká. Lápá títì, ohùn rẹ̀ le, ó kúrú: kó, kó, kó. Nígbà tó dé apá géètì, ó yí padà, ó ń dún gbòó, ó ń lọ sínú. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ọwọ́ gbá ewé gbígbẹ kúrò ní ìdí igi náà. Olú líle kan ló wà níbẹ̀, ó tẹ́ pẹrẹsẹ, òkè rẹ̀ pọ́n dúdú, etí rẹ̀ funfun. Ó gba ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ lọ́wọ́ fọkanáísà, ó tì í sínú igi ní òkè olú náà. Irin náà wọlé títí ó fi kan ìka rẹ̀. Nígbà tó fà á yọ, erùpẹ̀ igi tútù rọ̀ mọ́ ọn.

“Inú rẹ̀ ti lọ,” ló wí. “Ìjì kan ló kù.”

Ohun tó yà wá lẹ́nu jù ni pé kò sí ọ̀dà pupa lára rẹ̀. Igi tó le koko ni wọ́n sàmì sí, èyí tó lè pa ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ni wọ́n fi sílẹ̀, nítorí pé kò sí lójú ọ̀nà gọ́tà.

Ẹ jẹ́ kí n yà bàrá díẹ̀. Ní New York ní 2015, àwọn tó lé ní 2,200 ló yọ̀ǹda ara wọn láti bá ìjọba ìlú ka igi ẹ̀bá títì. Iye tí wọ́n kà jẹ́ 666,134. Àwa kò ní irú owó yẹn, a kò sì ní irú ìjọba tó máa fúnra rẹ̀ pe ará ìlú síbi irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n téèpù télọ̀ àti ìwé kan kò wọ́n jù fún àdúgbò kankan ní Àkúrẹ́.

Nísinsìnyí, ta ló ni àwọn igi náà? Wọ́n lọ sí káńsù. Káńsù ní títì ìpínlẹ̀ ni. Wọ́n lọ sí ọ́fíìsì tó ń rí sí igbó. Àwọn yẹn ní igbó ni tiwọn, pé igi inú ìlú kò sí lábẹ́ àwọn. Wọ́n lọ bá àwọn tó ń rí sí iṣẹ́ títì. Wọ́n ní ohunkóhun tó bá wà láàárín ààlà títì jẹ́ ti iṣẹ́ tó ń lọ lọ́wọ́. Òfin ìṣètò ìlú ti 1992 fún àwọn aláṣẹ ètò ìlú lágbára láti dáàbò bo igi, ṣùgbọ́n agbára tí ẹnikẹ́ni kò lò kò lè dá ẹ̀rọ ìgégi dúró, ẹnikẹ́ni kò sì tíì lò ó fún títì yẹn. Ní Èkó, wọ́n ní LASPARK, ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọgbà àti igi inú ìlú, tí òfin gbé kalẹ̀, tó jẹ́ pé ọwọ́ rẹ̀ ni èèyàn ti gbọ́dọ̀ gba ìyọ̀ǹda kó tó gé igi. Bí ó bá ṣiṣẹ́ dáadáa tàbí kò ṣiṣẹ́, ó kéré tán, ará Èkó mọ ilẹ̀kùn tó máa kàn.

Mo dá a lábàá pé kí a lo Òfin Òmìnira láti Gba Ìròyìn ti 2011, tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí FOI. Òfin náà ní ọjọ́ méje ni ọ́fíìsì ìjọba ní láti fi dáhùn, bí ọ̀rọ̀ náà bá sì nílò àkókò sí i, ó lè fi ọjọ́ méje mìíràn kún un. Ẹni tó ń béèrè kò ní láti sọ ohun tó fẹ́ fi ìròyìn náà ṣe. Àwọn kan ní ìpínlẹ̀ máa ń sọ pé òfin Àbújá ni, pé kò kan àwọn. Ní 2018, Ilé-ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn tó jókòó ní Àkúrẹ́ níbí kan náà sọ pé ó kàn wọ́n. Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ tún wá fi èdìdì dì í ní oṣù kẹrin 2025, nítorí náà ẹni tó bá ń kọ irú ìwé yìí lónìí ní ilẹ̀ tó le láti dúró sí.

Ìwé náà kò ju ojú-ewé kan lọ. Wọ́n béèrè àwòrán ojú ọ̀nà gọ́tà, orúkọ ipò ẹni tó fọwọ́ sí gígé igi, àkójọ igi tí wọ́n fẹ́ gé, àti bí wọ́n ṣe máa sanwó fún gígé wọn. Kò sí èébú nínú rẹ̀. Kò sí “a kò ní gbà”. Akọ̀wé mú ẹ̀dà méjì lọ. Bàbá tó wà níbi tí wọ́n ti ń gba lẹ́tà wò ó sókè sódò.

“Ọmọ mi, kí lẹ fẹ́ fi èyí ṣe?”

“Ẹ má bínú sà. Ẹ ṣáà bá mi lu òǹtẹ̀ sí èyí tí mo máa mú padà.”

Ó lu òǹtẹ̀ náà. Ọjọ́ méje kọjá, kò sí ìdáhùn. Wọ́n kọ ìwé ìránnilétí, wọ́n so fọ́tókọ́pì ẹ̀dà olóǹtẹ̀ mọ́ ọn, wọ́n sì fi ìlà kan kún un pé òfin náà là á sílẹ̀ pé ọ́fíìsì tí ilé-ẹjọ́ bá rí i pé kò lẹ́tọ̀ọ́ láti fi ìròyìn du ẹni tó béèrè yóò san ₦500,000. Kò pẹ́ lẹ́yìn èyí tí wọ́n pe Alága pé kó wá gba ìwé. Kò pé. Àkójọ igi kò sí nínú rẹ̀, mo sì fura pé kò tilẹ̀ sí irú àkójọ bẹ́ẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n àwòrán gọ́tà wà níbẹ̀, ojú-ewé díẹ̀ sì wà níbẹ̀ láti inú ìwé iye owó iṣẹ́ náà.

Ojú-ewé yẹn la gbogbo wa lójú. Owó gígé igi wà lórí ìlà tirẹ̀, iye igi ni wọ́n fi ń ṣírò rẹ̀, bí ìwọ̀n ara igi bá sì ṣe tóbi tó ni owó rẹ̀ ṣe ń ga sí i. Mo gbọ́dọ̀ sọ òtítọ́ níbí: olè kọ́. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe sábà máa ń to owó iṣẹ́ títì. Ṣùgbọ́n ohun tó túmọ̀ sí ni pé ní ojú iṣẹ́ yẹn, kò sí ẹnì kan tó máa jèrè bí igi kan bá dúró, ẹni tó bá sì wà nídìí ẹ̀rọ ìgégi ń jèrè lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan tó bá wó. Nígbà tí wọ́n fi ìwé igi tiwọn wé àwòrán gọ́tà, wọ́n rí i pé púpọ̀ nínú àwọn tó gba ọ̀dà pupa wà lójú ọ̀nà gọ́tà lóòótọ́. Àwọn kan wà tí gọ́tà máa gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá, tí ó sì lè yà fún wọn. Àwọn tó kù kò bá gọ́tà ṣe nǹkan kan, wọ́n kàn tóbi ni.

Mo sọ ìtàn Sheffield ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún wọn. Ní 2012, ìjọba ìlú yẹn gbé iṣẹ́ títì fún ilé-iṣẹ́ kan fún ọdún 25. Igi ẹ̀bá títì wọn tó nǹkan bí 36,000, iye tí wọ́n kọ sínú àdéhùn pé wọ́n lè gé kí wọ́n sì fi òmíràn rọ́pò sì jẹ́ 17,500. Ọdún gorí ọdún kí ará ìlú tó mọ̀ nípa iye yẹn. Ní oṣù kọkànlá 2016, aago márùn-ún ìdájí ni wọ́n wá gé igi ní òpópónà kan, àwọn ọlọ́pàá sì bá wọn wá. Ìwádìí tó jáde ní 2023 dá ìjọba ìlú náà lẹ́bi pé wọ́n ṣi ará ìlú àti ilé-ẹjọ́ lọ́nà. Alága gbọ́ ọ tán, ó ní, “Àṣé òyìnbó náà mọ ọgbọ́n ìdájí.” Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n mú níbẹ̀ yé wọn: iye tó ń pa igi sábà máa ń wà nínú ìwé fún ìgbà pípẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ ohùn ẹ̀rọ.

Wọ́n pe ẹnjiníà tó ń ṣojú ìjọba síbi iṣẹ́ náà. Ó wá, ó fa ojú ro. Lẹ́yìn tí wọ́n kí ara wọn tán, Alága ò mẹ́nu ba igi tí wọ́n fẹ́ gbà sílẹ̀. Ó ní, “Ẹnjiníà, igi kan wà tí a fẹ́ kí ẹ bá wa gé.”

Ọkùnrin náà wò ó. Wọ́n mú un lọ sí ẹnu géètì ilé-ẹ̀kọ́. Bàbá fi ọ̀pá irin lé e lọ́wọ́, ó fi ibi ihò hàn án, ó ní kó tì í fúnra rẹ̀. Ó tì í. Ó yọ ọ́, ó gbọn ọwọ́, ó wo òkè igi náà, lẹ́yìn náà ó wo ọ̀dẹ̀dẹ̀ kíláàsì níbi tí àwọn ọmọ ti ń ka ìwé. Ó pe ẹni tó ń wọnlẹ̀ fún un pé kó mú àwòrán wá. Láti ìgbà yẹn títí ìpàdé fi parí, kò pe ẹnikẹ́ni níbẹ̀ ní “ẹ̀yin tí ẹ kò fẹ́ ìlọsíwájú” mọ́, ọ̀rọ̀ tó ti ń sọ lórí fóònù tẹ́lẹ̀.

Kò rọrùn láti mú àdúgbò débi ìpinnu yẹn. Lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n jíròrò rẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ kan béèrè bóyá Alága ti gbowó. Báwo ni ẹgbẹ́ tó ń gbèjà igi ṣe máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa igi tó tóbi jù lọ kalẹ̀? Olùkọ́ àgbà ilé-ẹ̀kọ́ náà ló parí ọ̀rọ̀. Ó ní, “Abẹ́ rẹ̀ ni àwọn ọmọ yín ń jókòó sí ní àkókò ìsinmi. Ẹni tó bá fẹ́ kó dúró kó wá máa bá wọn jókòó.” Mo ti rí ẹgbẹ́ tó kú nítorí pé wọn kò lè sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn síra wọn. Ẹgbẹ́ tó bá ń sọ pé “má gé” sí gbogbo igi, òṣìṣẹ́ ìjọba kì í gbọ́ nǹkan mìíràn lẹ́nu rẹ̀ mọ́, kódà nígbà tó bá tọ̀nà.

Ohun tó jáde nínú ìpàdé náà ni ojú-ewé kan tí ẹnjiníà, Alága àti aṣojú agbaṣẹ́ṣe fọwọ́ sí, tí nọ́ńbà igi kọ̀ọ̀kan wà nínú rẹ̀. Wọ́n fi ọ̀dà dúdú pa àmì pupa rẹ́ lára àwọn tí kò bá gọ́tà ṣe nǹkan kan. Gọ́tà yà fún àwọn kan. Àwọn tó wà lójú ọ̀nà rẹ̀ lọ, máńgòrò tí gbogbo ọmọ àdúgbò ti jẹ nínú rẹ̀ sì wà lára wọn. Wọ́n gé ọ̀gànwó ẹnu ilé-ẹ̀kọ́ ní ọjọ́ ìsinmi. Nígbà tí ó ṣubú tán, èèyàn lè fi gbogbo apá sínú ihò tó wà nínú rẹ̀.

Bí ọ̀rọ̀ bá parí síbẹ̀, ìtàn dídùn ni ì bá jẹ́. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ronú kan gbòǹgbò. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé gbòǹgbò igi máa ń lọ tààrà sísàlẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn wà láàárín nǹkan bí 60 sẹ̀ǹtímítà òkè ilẹ̀, wọ́n sì máa ń tàn kọjá ibi tí ibòji igi dé. Nígbà tí katakátá ń gbẹ́ gọ́tà ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀kan lára àwọn ọ̀gànwó tí wọ́n “gbà sílẹ̀”, ó gé gbòǹgbò rẹ̀ lápá ìlà-oòrùn mọ́lẹ̀ pátápátá. Ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín, apá ìlà-oòrùn ni ìjì ìbẹ̀rẹ̀ òjò ti sábà máa ń wá. Gbòǹgbò apá yẹn ló yẹ kó di igi náà mú.

Lóru ọjọ́ òjò ńlá àkọ́kọ́, igi náà wó sápá ìwọ̀-oòrùn, ó fọ́ ìsọ̀ pákó kan yángá. Ọlọ́run ṣe é, kò sí èèyàn níbẹ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́, WhatsApp ti kún: àwọn onígi fẹ́ pa wá, ẹ̀yin lẹ ní kí wọ́n má gé e. Onípátákó ọjọ́sí padà dé, ó ní òun ti sọ ọ́.

Orúkọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi yẹn nínú ìwé ni ti ìyá oníbọ̀ọ̀lì. Ó ti ya fọ́tò lọ́jọ́ tí katakátá ń gbẹ́lẹ̀, nítorí pé eruku rẹ̀ ń bà sórí bọ̀ọ̀lì rẹ̀, ó sì fẹ́ fi ẹ̀rí hàn agbaṣẹ́ṣe. Nínú fọ́tò náà, gbòǹgbò tó nípọn tó itan èèyàn dá sí wẹ́wẹ́ létí gọ́tà, ọjọ́ àti aago sì wà lórí rẹ̀. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde, wọ́n fi ojú-ewé tí wọ́n fọwọ́ sí lé e. Agbaṣẹ́ṣe tún ìsọ̀ náà kọ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè é lẹ́jọ́. Ẹnjiníà fúnra rẹ̀ ló wá sọ pé kí Bàbá bá òun yẹ àwọn igi tó kù létí gọ́tà wò. Wọ́n dín ẹ̀ka igi méjì lára wọn kù kí afẹ́fẹ́ lè gba inú wọn kọjá. Bàbá kò gbà kí wọ́n bẹ́ orí wọn bí àwọn tó ń tún wáyà iná ṣe máa ń ṣe. Ẹ̀ka tó bá hù jáde níbi tí a ti bẹ́ igi lórí kì í wọ inú igi dáadáa, ara èèpo ló ń rọ̀ mọ́, òun ló sì máa ń já lulẹ̀ lẹ́yìn ọdún díẹ̀.

Èyí ni mo máa ń sọ fún àwọn tó bá ń ṣe irú iṣẹ́ wa nísinsìnyí: ọjọ́ tí wọ́n ń gbẹ́lẹ̀ le ju ọjọ́ tí wọ́n ń gégi lọ. Igi tí wọ́n gé, gbogbo ayé rí i. Igi tí wọ́n gé gbòǹgbò rẹ̀ á ṣì dúró, á ṣì tutù, gbogbo yín á ti padà sílé, kí ó tó wó. Nítorí náà, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn bí katakátá gbọ́dọ̀ ṣe jìnnà sí ìdí igi tó, kí ẹ sì kọ ọ́ pé níbi tí kò bá ti lè jìnnà, ọwọ́ ni kí wọ́n fi gbẹ́ ẹ. Ẹ fi ẹnì kan síbẹ̀ lọ́jọ́ náà tó jẹ́ pé ibẹ̀ ló ń jókòó sí tẹ́lẹ̀. Ọlọ́jà abẹ́ igi ń wà níbẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́. Ọmọ ẹgbẹ́ tó ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́ kò lè wà níbẹ̀.

Ìbéèrè kan wà tó yẹ kí ó wà nínú lẹ́tà àkọ́kọ́: ta ló máa kó gẹdú náà? Ọ̀gànwó kì í ṣe igi ìdáná lásán. Ọkọ̀ tó kó àwọn ìtì náà lọ gba ọ̀nà sọ́ọ̀mílì, lẹ́yìn ìyẹn a kò rí ìwé kankan nípa wọn, nígbà tí wọ́n sì fi béèrè, kálukú ń tọ́ka sí ẹlòmíràn. Ẹ béèrè rẹ̀ kí wọ́n tó gé e, nígbà tí ìdáhùn kò tíì ná ẹnikẹ́ni lówó.

Igi tuntun tí wọ́n gbìn, ewúrẹ́ jẹ díẹ̀, ọyẹ́ pa díẹ̀. Àwọn tó wà níwájú ìsọ̀ ẹnì kan ló yè.

Àríyànjiyàn kan ṣì wà láàárín wọn. Àwọn kan fẹ́ kí ìjọba gba ẹgbẹ́ náà wọlé, kó di ìgbìmọ̀ tó ní lẹ́tà ìyànsípò, bóyá kí wọ́n tilẹ̀ máa rí owó ọkọ̀ gbà. Mo lòdì sí i. Ẹni tí ọ́fíìsì kan yàn kò lè fi FOI béèrè ìwé lọ́wọ́ ọ́fíìsì yẹn láìsí pé ẹnì kan pè é sẹ́yìn. Alága kò gbà pẹ̀lú mi. Ó ní láìsí lẹ́tà ìyànsípò, ẹnjiníà tó bá tún dé lẹ́yìn èyí kò ní mọ̀ wọ́n rí. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí èèyàn ń jù nù. Ẹnjiníà ìjọ́sí ti kúrò níbẹ̀ nígbà tí mò ń kọ èyí.

Ọwọ́ olùkọ́ àgbà ni ìwé igi náà wà báyìí, ẹ̀dà rẹ̀ wà lọ́wọ́ akọ̀wé, àwọn ọmọ kíláàsì karùn-ún ló sì ń wọn igi lọ́dọọdún kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n bá wọ̀n ọ́n tán, ẹgbẹ́ náà máa ń kọ̀wé sí ọ́fíìsì ètò ìlú pé kí wọ́n lo agbára tí òfin fún wọn, kí wọ́n kéde pé ọ̀wọ́ igi títì yẹn kò ṣeé gé láìgba àṣẹ. Ìdáhùn tí wọ́n ń rí gbà ni pé wọ́n ń yẹ ọ̀rọ̀ náà wò.